Ta Ni Yóò San Gbèsè Ilẹ̀?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ onílẹ̀ a tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, àjèjì a tẹ̀ ẹ́ gìrìgìrì. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, mo sì gbà á gbọ́ láìṣe iyèméjì. Èrò mi ni pé bí ilẹ̀ bá bàjẹ́, àjèjì ni ó bà á jẹ́. Bí ó bá sì dára, ọmọ onílẹ̀ ni ó tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìsinmi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lò tán yìí, mo rí ohun kan ní oko ìdílé wa tí ó mú kí n tún òwe náà gbé yẹ̀ wò. Ìdí nìyí tí mo fi mú kálàmù láti bá ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa sọ̀rọ̀ nínú ìwé ẹgbẹ́ wa. Ìbéèrè mi kò gùn: bí a bá gbẹ́ ilẹ̀, tí a sì kó ohun tí ń bẹ nínú rẹ̀ tà, ta ni ó jẹ ilẹ̀ náà ní gbèsè, ta sì ni yóò san án?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí. Abúlé wa wà ní agbègbè Atákúnmọ́sà, lẹ́yìn Iléṣà, níbi tí kòkó ti máa ń ṣe dáadáa. Bàbá tí ó bí bàbá mi ni ó gbin kòkó sí oko wa, òun ni ó sì fi tọ́ gbogbo àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tí bàbá mi kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó gba ìtọ́jú mi. Èmi kò mọ ẹlòmíràn ní bàbá láti ìgbà náà, nítorí náà Bàbá ni n ó máa pè é nínú ọ̀rọ̀ mi.

Kì í ṣe àṣírí pé wúrà wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Láti ayé ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń wà á ní àyíká Igun àti Ìtagúnmodì. Ní oṣù Keje ọdún 2021, ibi ìwakùsà ńlá tí a ń pè ní Sẹ̀gilọlá yọ́ wúrà rẹ̀ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí ó ní ẹ̀rọ ńláńlá tí ó sì ní ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun tí ó pọ̀ jù ní àárín oko wa ni kòtò tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin fi ọkọ́, ṣọ́bìrì àti ẹ̀rọ kékeré tí ń fa omi gbẹ́. Ní ọdún tí mo wọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí, ọ̀gá àwọn awakùsà kan tọ Bàbá wá, ó ní òun fẹ́ gba apá kan nínú oko náà. Bàbá gbà fún un. Owó tí ó san ni wọ́n fi san owó ilé-ẹ̀kọ́ mi ní ọdún kìíní àti ọdún kejì. Mo ń sọ èyí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ẹni mímọ́ kan ni ó jókòó tí ó ń dá àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ lẹ́jọ́. Nínú jíjẹ wúrà náà, èmi gan-an pín níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ rere tí ó wà níbẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá mọ rere ohun kan kò lè mọ ibi rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí àwọn awakùsà dé, abúlé wa tún ní ariwo. Àwọn ọmọkùnrin tí ó ti ń múra láti sá lọ sí Èkó rí iṣẹ́ ṣe nílé. Àwọn obìnrin ń se ìrẹsì àti ẹ̀wà tà fún wọn, àwọn ọlọ́kadà ń gbé wọn lọ, wọ́n ń gbé wọn bọ̀. Àwọn tí ó ní yàrá òfìfo rí ẹni gbà á. Ìyá kan tí ń ta àkàrà ní ẹnu ọ̀nà oko sọ fún mi pé ọdún méjì náà ni òun fi kan òrùlé ilé òun. Ta ni yóò wí fún irú ìyá bẹ́ẹ̀ pé ibi ni wúrà? Bí ebi bá wọ inú, ọ̀rọ̀ mìíràn kì í wọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé oko ní ìsinmi yìí, àwọn awakùsà náà ti lọ. Wọ́n ti rí ìwọ̀n tí wọ́n lè rí, wọ́n sì ti ṣí lọ sí ibòmíràn. Kòtò mọ́kànlá ni mo kà níbi tí igi kòkó wà tẹ́lẹ̀. Omi pupa dúró sínú wọn, ẹ̀fọn ń kùn lórí rẹ̀. Odò kékeré tí a máa ń mu omi rẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé ti di ẹrẹ̀. Nínú àwọn igi kòkó tí ó ṣẹ́kù, púpọ̀ ni koríko ti bò mọ́lẹ̀, nítorí láàárín ọdún méjì náà Bàbá kò rí alágbàṣe kan tí yóò gba iye tí kòkó lè san, nígbà tí wúrà ń san ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá alákàrà sì ti kó igbá rẹ̀ nílẹ̀, nítorí kò sí oníbàárà mọ́. Òrùlé rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, mo dúpẹ́ fún un, ṣùgbọ́n omi tí yóò fi pọn ẹ̀wà kò sí nítòsí mọ́.

Ohun tí ojú kò rí tún burú ju èyí tí ojú rí lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn awakùsà kéékèèké ni ó ń fi mẹ́kúrì mú wúrà. Mẹ́kúrì yìí, irin olómi tí ń dán bíi fàdákà, a máa lẹ̀ mọ́ wúrà nínú iyanrìn. Lẹ́yìn náà wọn a yan án lórí iná kí mẹ́kúrì lè bá èéfín lọ, kí wúrà sì ṣẹ́kù. Ẹni tí ó bá ń fa èéfín náà símú ń fa májèlé, èyí tí ó sì bọ́ sínú odò a máa bá ẹja wọ inú ènìyàn. Gbogbo wa ni a mọ̀ bí Odò Ọ̀ṣun ti rí ní àwọn ọdún wọ̀nyí. Igbó rẹ̀ ní Òṣogbo ni àjọ UNESCO kọ mọ́ àwọn ogún gbogbo ayé ní ọdún 2005. Síbẹ̀ ní àkókò ọdún Ọ̀ṣun ti 2022, ìkìlọ̀ jáde pé kí àwọn ènìyàn má ṣe mu omi odò náà, nítorí ìwakùsà ti bà á jẹ́. Omi tí àwọn ìyá wa ń bù fún àgàn kí ó lè bímọ ni a wá ń bẹ̀rù pé ó lè pa ọmọ.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí iwájú Bàbá ní alẹ́ ọjọ́ náà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Bàbá, ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n kòtò tí mo rí ní oko dùn mí.”

Bàbá wò mí títí, wọ́n ní, “Ó dùn ọ́? Nígbà tí ìwé wá láti ilé-ẹ̀kọ́ rẹ pé bí o kò bá sanwó, o kò ní ṣe ìdánwò, ta ni ó dùn? Ṣé kí n máa ṣọ́ wúrà ní abẹ́ ilẹ̀, kí ọmọ àbúrò mi tí ó kú sì máa ká ọwọ́ lérí? Ilẹ̀ tí kò lè gba ọmọ onílẹ̀ lọ́jọ́ ìṣòro, kí ni iyì rẹ̀?”

Èmi kò rí èsì fọ̀. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà sínú, ìgbà tí mo sì rí èsì rẹ̀ díẹ̀, inú iṣẹ́ tí mo ń kọ́, èyíinì ni èdè, ni mo ti rí i.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti pọ̀ tó nínú èdè wa. Àwọn tí ó bá ara wọn dá májẹ̀mú ni a ń pè ní ìmùlẹ̀. Ẹni tí ó bá da májẹ̀mú, ọ̀dàlẹ̀ ni a ń pè é. Nítorí náà, nínú èdè Yorùbá, ilẹ̀ ni ẹlẹ́rìí gbogbo àdéhùn, ẹni tí ó bá sì dalẹ̀ yóò bá ilẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe àkíyèsí pé àwọn baba wa kò pe ẹni tí ó gbẹ́ ilẹ̀ ní ọ̀dàlẹ̀. Àgbẹ̀ ń gbẹ́ ilẹ̀, amọ̀kòkò ń wa amọ̀, àwọn alágbẹ̀dẹ àtijọ́ sì ń yọ́ irin láti inú òkúta tí wọ́n wà jáde. Bí gbígbẹ́ ilẹ̀ bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, a kì bá tí ní ọkọ́ tàbí àdá. Kì í ṣe ọkọ́ ni ó ń dalẹ̀. Ẹni tí ó ń dalẹ̀ ni ẹni tí ó gba ohun kan lọ́wọ́ ẹlòmíràn pẹ̀lú àdéhùn, tí ó sì wá ṣe bí ẹni pé kò sí àdéhùn kankan.

Àdéhùn wo wá ni ó wà láàárín àwa àti ilẹ̀ oko? Àwọn baba wa gbà pé ilẹ̀ ìdílé kì í ṣe ti ẹni kan. Ó jẹ́ ti àwọn tí ó ti kú, ti àwa tí a wà láàyè, àti ti àwọn tí a kò tí ì bí. Ẹni tí ó wà lórí rẹ̀ lónìí, alágbàtọ́ ni. Ó lè jẹ èso rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ jẹ gbòǹgbò rẹ̀. Níhìn-ín ni ìyàtọ̀ ti wà láàárín kòkó àti wúrà. Kòkó tí bàbá àgbà mi gbin, òun jẹ níbẹ̀, bàbá mi jẹ níbẹ̀, èmi náà jẹ níbẹ̀, igi náà sì dúró. Wúrà kì í so lẹ́ẹ̀mejì. Ìran tí ó bá hú u ni ó jẹ ẹ́ tán. Ẹni tí ó bá ta wúrà ilẹ̀ ìdílé ti ná owó tirẹ̀ mọ́ owó àwọn tí kò sí níbẹ̀ láti sọ̀rọ̀. Èmi kò sọ pé kí ó má ná an. Ohun tí mo ń sọ ni pé owó tí a yá ni, a sì gbọ́dọ̀ fi ohun tí yóò dúró dípò ohun tí ó lọ.

Ẹnìkan lè ní, ṣé onílẹ̀ nìkan ni ó ni wúrà náà ni? Òótọ́ ni. Ìwé Òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, ní abala 44, sọ pé ohun àlùmọ́nì abẹ́ ilẹ̀ jẹ́ ti Ìjọba Àpapọ̀. Abala 162 sì sọ pé nínú owó tí ó bá ti ibẹ̀ wọlé, ó kéré tán ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún gbọdọ̀ padà sí ìpínlẹ̀ tí a ti rí i. Òfin Ìwakùsà ti 2007, ní abala 116, tún pàṣẹ pé kí ẹni tí ó gba ilẹ̀ ìwakùsà tó fi ọwọ́ kan iṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá àwọn ará ibẹ̀ ṣe àdéhùn lórí ohun tí wọn yóò rí gbà. Òfin náà dára lórí ìwé. Ṣùgbọ́n mo ṣe àkíyèsí ohun kan: nígbà tí a bá ń pín wúrà, ìjọba ní tòun ni, awakùsà ní tòun ni, ọmọ onílẹ̀ náà ní tòun ni. Nígbà tí ó bá ku kòtò, kò sí ẹni tí ó ń sọ pé tòun ni kòtò. Bí ẹni mẹ́ta bá lè jẹ́ olóhun nígbà ọrọ̀, ó yẹ kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ajigbèsè nígbà tí ọrọ̀ bá tán.

Ọ̀rọ̀ èdè mìíràn tún wà tí ó là mí lójú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ìpínlẹ̀ Zamfara wà lára àwọn tí ó wa ilẹ̀ wa. Kò bá àwọn yòókù lọ, ó ń fi ọ̀kadà ṣiṣẹ́ ní abúlé wa báyìí. Mo fi Hausa díẹ̀ tí mo gbọ́ bá a sọ̀rọ̀. Òun ni ó sọ fún mi pé “kuza” ni wọ́n ń pe irin funfun tí wọ́n ń wà ní Jos, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “tin”. Ọkàn mi lọ sí ọ̀rọ̀ wa “kùsà” lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo gbà pé láti ọ̀dọ̀ wọn ni ó ti bọ́ sí ẹnu wa, bóyá láti ọwọ́ àwọn Yorùbá tí ó lọ ṣòwò ní Jos nígbà tí irin náà ń mú owó wọlé. Nígbà tí iye rẹ̀ já lulẹ̀ ní ọjà àgbáyé ní ọdún 1985, iṣẹ́ náà kú. Ohun tí ó ṣẹ́kù fún àwọn ará Jos ni kòtò tí omi kún inú wọn káàkiri oko. Àwọn àgbẹ̀ ń fa omi inú wọn sí ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí ènìyàn kì í ṣàìwá ọgbọ́n dá. Ṣùgbọ́n ènìyàn tún ń kú sínú wọn. Àwa yá ọ̀rọ̀ náà lò, a kò yá ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀.

Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé kí ni ó lé e kúrò nílé. Ó ní wúrà ni àwọn ń wà ní ilé àwọn pẹ̀lú, kí ikú tó dé. Ìkú tí ó ń sọ ni ti ọdún 2010. Òjé wà nínú òkúta tí wọ́n ń wà ní àwọn abúlé Zamfara. Wọ́n ń fọ́ ọ, wọ́n ń lọ̀ ọ́ nínú agboolé, níbi tí ọmọdé ti ń ṣeré, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹ̀rọ kan náà tí wọ́n fi ń lọ ọkà. Ó lé ní 400 ọmọdé tí májèlé òjé pa láàárín oṣù díẹ̀. Àwọn ìyá tí ó lọ òkúta náà kò burú. Oúnjẹ àwọn ọmọ wọn ni wọ́n ń wá. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo yé bínú sí àjèjì. Ẹni tí mo rò pé ó wá tẹ ilẹ̀ wa gìrìgìrì, ọmọ onílẹ̀ ni ní ilé rẹ̀, ilẹ̀ tirẹ̀ ti bàjẹ́ kí ó tó dé orí tiwa.

Ó wá ku ohun tí ó nira jù fún mi láti sọ. Nígbà tí ọ̀gá àwọn awakùsà fẹ́ gba oko wa, ó mú ìwé àdéhùn kan wá ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá kò lè kà á. Wọ́n ní kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, nítorí èmi ni ọmọwé ìdílé. Ojú ìwé méjì péré ni. Mo kà á ní wàràwàrà, mo rí iye owó tí ó wà níbẹ̀, mo sì fi èsì ránṣẹ́ pé, “Ó dára, Bàbá, ẹ tẹ̀ ẹ́.” Wọ́n sì tẹ̀ka. Ní ìsinmi yìí, mo béèrè ìwé náà, mo tún un kà ní ẹsẹ̀ kan sí èkejì. Kò sí ìlà kan níbẹ̀ tí ó sọ pé kí wọ́n dí kòtò. Kò sí ọ̀rọ̀ odò. Kò sí nọ́ńbà ìwé àṣẹ ìjọba kankan. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí n bi wọ́n ní ọdún náà, n kò bi wọ́n, nítorí owó ilé-ẹ̀kọ́ ti tó san. Ẹ wá sọ fún mi, ẹ̀yin òǹkàwé: láàárín àjèjì tí kò mọ orúkọ odò wa àti èmi tí mo mu nínú rẹ̀ dàgbà, ta ni ó tẹ ilẹ̀ gìrìgìrì?

Èmi kò gbà pé nítorí èyí, kí n fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, nítorí èyí kò ní dí kòtò kan. Ìrònúpìwàdà tí kò san nǹkan kan, ariwo lásán ni. Ohun tí mo gbà ni pé ẹ̀kọ́ tí a fi wúrà ilẹ̀ rà ti di ara ohun tí ilẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí. Ọ̀pọ̀ abúlé ni ó wà tí wọ́n ti ń tẹ̀ka sí ìwé tí wọn kò lè kà. Bí àwa tí a ń kọ́ èdè kò bá lè jókòó ní ààfin tàbí ní gbàgede ìlú, kí a túmọ̀ òfin àti àdéhùn sí Yorùbá tí àgbẹ̀ yóò gbọ́ kí ó tó tẹ̀ka, kí ni èdè tí a ń kọ́ wà fún? Ìbéèrè mẹ́ta péré ni mo ti kọ sílẹ̀ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀: Ta ni yóò dí kòtò, owó rẹ̀ sì dà? Omi wo ni a óò máa mu? Nígbà tí wúrà bá tán, kí ni yóò dúró dípò rẹ̀ fún ọmọ tí a kò tí ì bí?

Mo sọ ọ̀rọ̀ ìwé náà fún Bàbá. Mo rò pé wọn yóò bínú. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Àwa méjèèjì ni a tẹ̀ ẹ́.” Ní ọjọ́ kejì wọ́n fún mi ní ṣọ́bìrì. Èmi àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mẹ́rin fi ọjọ́ mẹ́sàn-án dí kòtò kan, a sì gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà sórí rẹ̀, kí ó lè ṣe ìbòòji fún kòkó nígbà tí a bá gbìn ín. Ó ku mẹ́wàá.

Gbogbo ènìyàn ni ó mọ orúkọ tí wọ́n fún àwọn Ìjẹ̀ṣà tí ń ta aṣọ láwìn ní ayé àtijọ́. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọn a lọ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ajigbèsè, wọn a ní òṣó ni àwọn yóò ló títí àwọn yóò fi gba owó àwọn. Ìdí nìyí tí a fi ń pè wọ́n ní òṣómàáló. Ilẹ̀ kò lẹ́nu tí yóò fi bẹ̀ wá lówó. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá rántí kòtò mẹ́wàá wọ̀nyẹn nínú yàrá mi níhìn-ín, ó máa ń dà bí ẹni pé wọ́n lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà mi, wọ́n sì ń dúró de owó wọn.